Púpurú Tí Ọwọ́ Èèyàn Kò Tẹ̀ Wò

Benedict ará Igbótako gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ka èèyàn sí. Ìwà burúkú yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fi orí gbá ilẹ̀ ní gbangba.

Ilé iṣẹ́ púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló ní. Obìnrin mẹ́wàá ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún un, Ìyá Salome sì ni àgbà wọn. Ìyá a máa tẹ ẹ̀gẹ́ láàárín ìka, a sì máa gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá tíì sọ pé, "Ó ti rọ̀," ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o kúrò nínú omi, nítorí májèlé ni ẹ̀gẹ́ kíkorò tí kò rọ̀ tán.

Benedict lọ ra ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kan. Yóò máa wo ẹ̀gẹ́ bóyá ó ti rọ̀, yóò sì lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lé gbogbo àwọn obìnrin náà.

"Kì í rẹ ẹ̀rọ," ó wí, "kì í sì í tọrọ àyè lọ sí ìsọjí."

Jìnnìjìnnì bò wọ́n. Ta ni yóò tún gba arúgbó síṣẹ́?

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ọkàn Ìyá Salome kò balẹ̀. Ó lọ bá a.

"Benedict, ọmọ mi, ẹ̀gẹ́ kì í tètè rọ̀ nínú ọyẹ́. Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wò."

"Màmá, ẹ̀rọ ti ní ó rọ̀. Ẹ máa lọ sinmi nílé."

Hàà! Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọ̀ ẹ̀gẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń wò, inú ẹ̀gẹ́ náà sì le gbagidi. Ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná, kò sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Benedict fi ìyangàn gbé púpurú àkọ́yọ lọ sílé. Vivian, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ń bì, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá mi, n kò ríran mọ́!"

Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Vivian kú.

"Ta ló yẹ ẹ̀gẹ́ yẹn wò?" dókítà bi í.

"Ẹ̀rọ ni."

"Mo ní, èèyàn wo?"

Benedict ṣubú lulẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ó ń fi orí gbá ilẹ̀, ó ń ké. Àwọn ọlọ́pàá ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n sì mú un lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹ̀rọ wọlé, mi ò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí èèyàn sí ìkáwọ́ ohun tí kò lè jẹ, tí kò sì lè kú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.