Àmì Tí Kò Sí Lórí Ọ̀rọ̀

Fadérera ti gbé àkàbà ti ògiri de àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń tọrọ àṣẹ láti gbé páànẹ́lì tó ń fi oòrùn ṣe iná sórí òrùlé, kí ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi ń mí má baà máa kú nígbà tíná bá lọ.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọlé. Wọn ò tilẹ̀ wo òrùlé. Báàgì funfun kékeré ni obìnrin náà gbé dání.

“Ẹ kú ilé, mà. Ìyá yín dà?”

“Wọ́n wà ní yàrá. Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ wọn òrùlé ni?”

Ọkùnrin náà na ìwé sí i. Ohun tí Fadérera fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà níbẹ̀: “Mo n toro oorun fun iya mi.” Ẹ̀rọ ọ́fíìsì wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Oorun ìkẹyìn, fún arúgbó. A fọwọ́ sí i.”

Fadérera nàka sókè. “Oòrùn ni mo wí! Oòrùn tó ń ràn lókè!”

“Ẹ ò fàmì sí i, mà,” ni obìnrin náà wí, ó ń wọ ìbọ̀wọ́. “Ẹ̀rọ kì í ka ìwé lẹ́ẹ̀mejì.”

Ìyá ké láti yàrá: “Fadérera, ṣé àwọn tó ń gbé oòrùn bọ̀ ti dé? Ní kí wọ́n máa wọlé o.”