Ẹ Má Tú Ṣọ́ọ̀kù Náà

Azeezat, aládùúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, ń kọ́ mi bí n ó ṣe pààrọ̀ ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù iwájú alùpùpù mi nílé.

Oṣù mẹ́ta rèé tí ọkọ rẹ̀, Àmínù ọlọ́kadà, ti gbé èrò lọ sí Ògòtún. Kò padà.

"Òun ni ó kọ́ mi, Tíṣà. Ẹ fi síríńjì wọn ọ́ìlì náà, kò ní dà nù."

Máyọ̀wá, ẹ̀gbọ́n mi, ta kò ó. "Ẹ má tú u. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì."

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀rù ọ́ìlì ń bà yín ni?" Azeezat ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dà dúdú tuntun ara alùpùpù náà ṣì ń rùn.

Ó yọ rọ́bà ẹnu ṣọ́ọ̀kù. Ẹnì kan ti wé àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ọ́ìlì má baà jò.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó fi àtàǹpàkò nu àkísà náà: áńkárá olódòdó pupa.

Ó tẹ́ ẹ sí ibi tí ìró ìdí rẹ̀ ti ya. Ó ṣe rẹ́gí.

"Tíṣà, ta ni ó tà á fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó tà á fún mi, ti dìde, ó sì ń ti géètì.