Ìṣó Ara Òpó

Ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì gbé agolo mílíìkì mẹ́rin kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Sẹ̀nàmí ní Gbaji. Mẹ́fà ló rà. Ìjọba ológun ti dí ẹnubodè, mílíìkì ti di ọ̀wọ́n, àwọn sójà ojú ọ̀nà sì ti gba méjì.

"Ìyá Sẹ̀nàmí, ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó kú ni mo bá wá."

Lẹ́tà òkè òkun wà lápò ọ̀mọ̀wé, tó ń ròyìn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbayì. Ọ̀mọ̀wé mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti tọ́ka sí ìwádìí rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọdé. Ìlà Ọmọ Kejìlá lórí àwòrán ìwọ̀n àwọn ọmọ náà ni gbogbo wọn ń yìn, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lóṣooṣù títí tó fi dópin. Sẹ̀nàmí ni Ọmọ Kejìlá.

"Àwọn ọmọ kan la fún ní mílíìkì," ni ọ̀mọ̀wé wí. "Tiyín, a kàn ń wọ̀n ọ́n ni, kí n lè fi wọ́n wéra. Mo rí i pé ó ń rù."

"Dókítà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ò pa oṣù kankan jẹ. Ìtọ́jú yín ni kò ràn án."

"Ìtọ́jú wo?"

Ìyá Sẹ̀nàmí nawọ́ sí ìṣó ara òpó, níbi tí ọ̀mọ̀wé máa ń fi ìwọ̀n kọ́ tó bá wá wọn Sẹ̀nàmí lóṣooṣù. Ó wọlé, ó gbé ọmọ tuntun tó bí lẹ́yìn Sẹ̀nàmí jáde. Ó ti wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi ń gbé Sẹ̀nàmí kọ́ ìwọ̀n fún un; ó ti fọ ṣòkòtò náà, ó ti lọ̀ ọ́.

"Èyí náà ti ń rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá mi máa wọ̀n ọ́n."