Báńdéèjì Ìyá Ìbídùn

Nígbà tí Ìyá Ìbídùn jí, wọ́n ti yọ òkúta inú òróòro rẹ̀ tán. Ó gbé aṣọ sókè, ó wo ikùn rẹ̀ títí. Ojú ibi tí ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ tó rí bí èèrà gbà wọlé kò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, ó sì ti ń jiná.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ti bá mi bà á jẹ́! Ta ló máa rí èyí tó máa kí mi kú ewu? Àwọn ará ilé ọkọ mi á ní kí n wá gúnyán alẹ́ ni!"

Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Báńdéèjì ńláńlá ló kún inú rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ti ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni ká dì fún yín, àbí ti oṣù kan?"