Wọ́n Ní Ọtí Ló Ba Ẹ̀dọ̀ Ọkọ Mi Jẹ́

Ọkọ mi bi ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ó wà nínú yàrá lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó tì mí lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń bú u.

"Ọ̀mùtí. Mo mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyí."

Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í mutí."

Ó yínmú sí mi. "Ìyàwó, ta lò ń tàn?"

Dókítà jáde. Ó ní òun ti ki ọ̀pá oníkámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, òun sì ti fi rọ́bà kéékèèké so àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n bẹ́.

"Kì í ṣe ọtí ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kòkòrò àrùn hẹpatáítíìsì ni, ó sì jọ pé ara ìyá rẹ̀ ló ti kó o láti kékeré. Mọ̀mí, ẹ̀yin tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò."

Ẹ̀gbọ́n mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Dókítà rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. "Oògùn wà, tí wọ́n bá tètè mọ̀."

"Mo mọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó." Kò wo ojú mi. "Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn àbúrò mi. Ojú ló ń tì mí."

Mo wò ó látòkè délẹ̀.

"Ẹ wọlé lọ sọ fún un fúnra yín."