Oúnjẹ Tí Wọ́n Ń Fi Èsì Ìdánwò Bù

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ èsì ìdánwò ọmọ yín mọ́ ògiri pálọ̀.

1. Aránṣọ kan bí ọmọ mẹ́ta. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin kò gba ipò kejì rí, "Kìíní" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nílé wọn, èsì ìdánwò ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló ni ẹran ńlá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ojú ni yóò fi jẹ ẹran. Àwàdà ni ìyá pè é. Oníbàárà tó bá wá rán aṣọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìròyìn Kìíní ná, kí téèpù tó kan èjìká rẹ̀.

2. Kìíní wọ ilé ìwé gíga, ó ń ti ilé lọ. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò. Ìyá á dín in, yóò tún ṣò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwo rẹ̀ ń padà sílé ìdáná ní òfìfo. Ta ló ń bá a jẹ ẹ́? Ìyá tú báàgì, ó gbóòórùn aṣọ, ó dójú lé ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kó dá a lójú.

3. Ìyá ṣọ́ ọmọ dé ẹ̀yìnkùlé. Kìíní ń da oúnjẹ fún ajá alámùúlégbè. Ajá ọ̀hún ti sanra bíi lanlọ́ọ̀dù.

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo kùnà nínú ìbéèrè kan. Oúnjẹ yẹn ò tọ́ sí mi."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá ṣe: ó dúpẹ́ pé kì í ṣe ọkùnrin ló ń bá a jẹ ẹ́. Ó ní, "Túbọ̀ múra sí i, wàá jẹun."

Ẹ̀yin ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

4. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni Kìíní ṣubú sí, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Dókítà ní àìsàn ni bó ṣe ń kọ oúnjẹ, kì í ṣe oríkunkun, ó sì ti kan ọkàn. Ilé ìwé ní kó lọ tọ́jú ara ná. Ọmọ tó ń ka ìwé bí ẹni mumi, ojú ewé kan ò wọ orí rẹ̀ mọ́. Ìyá bu mílíìkì sí ṣíbí, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ jẹ́ kí èsì jáde ná, Màámi."

"Kò sí èsì kankan, ọmọ mi. Ṣáà jẹun."

Kìíní kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin òbí, oúnjẹ kì í ṣe ẹ̀bùn ìdánwò. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lo oògùn orí fífọ́ fún inú rírun. Bí ọmọ tó mọ̀wé bá ń rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ó gbọ́n, á tún ara rẹ̀ ṣe. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.