Koríko Tí Yahya Gé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa ya fọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán.

1.
Fọ́tò ìgbéyàwó ni Yahya ń yà jẹun ní Ìkọ́tún, ṣùgbọ́n ẹyẹ odò ló gbà á lọ́kàn. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á gbé kámẹ́rà, ó di àbàtà Ìgàndò. Ibẹ̀ ni Àǹtí Ganiyat ti ń gbin ẹ̀fọ́. Obìnrin yìí mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń sùn, kì í sì í fi han ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó mú Yahya lọ síbi ìtẹ́ kan nínú koríko gíga. Ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan sàba lé ẹyin mẹ́ta. Inú Yahya dùn, ó gbé kámẹ́rà sójú.

"Ibi tó o dúró sí yìí náà ni kó o ti yà á," ni Àǹtí wí. "Má fọwọ́ kan koríko yẹn o."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

2.
Àǹtí fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, ó padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Yahya wo inú kámẹ́rà, ó rí i pé koríko dábùú ojú ẹyẹ. Ẹ ṣáà mọ àwọn onífótò ìgbéyàwó: wọn kì í lè wo ìyàwó kí wọ́n má tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó yọ sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Bó ṣe sún mọ́ ìtẹ́, ẹyẹ fò lọ. Yahya gé koríko kan, ó gé òmíràn, títí ìtẹ́ fi hàn gbangba. Nígbà tí ẹyẹ padà, ó yà á. Fọ́tò náà rẹwà, kò sírọ́ ńbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló yìn ín lórí WhatsApp.

3.
Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èèpo ẹyin ló bá. Àwòdì ti rí ohun tí koríko ń bò.

"Ìwọ lo gé e, àbí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ẹyẹ yẹn ló ń ṣe mí láàánú. Àtàná ló ti ń yí ibẹ̀ po."

Omi bọ́ lójú Yahya. Ó pa fọ́tò náà rẹ́ níbẹ̀.

4.
Nígbà tí òjò tún dé, ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ mìíràn sínú koríko láàárín omi. Àǹtí nàka sí i láti ọ̀ọ́kán. Yahya dúró sórí ebè ẹ̀fọ́, ó yà á níbẹ̀, kò sún kọjá. Fọ́tò yẹn ló gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn oníbàárà a máa bi í pé kí ló gbé fọ́tò koríko kọ́ sára ògiri fún. Á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì dùn.

"Ẹyẹ ń bẹ níbẹ̀," ni yóò wí. "Ẹyin rẹ̀ ti pa, ọmọ méjì ló jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá fọkàn tán yín, tó mú yín débi ohun tó fẹ́ràn, ẹ dúró síbi tó ní kẹ́ ẹ dúró sí. Fọ́tò tí koríko bò kò pa ẹyin lára.